Funfun Abẹ́ Bọ́ọ̀lù

Tọ́sìdé, ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Èmi ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló fa ìlà pápá yìí tó fi gún bí etí pátákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn rẹ́, ẹ sọ pé Rúlà ni. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Àwọn èèyàn ló sọ mí bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Olùkọ́ ìṣirò tó máa ń lé mi síta nítorí pé mi ò ní rúlà, kó wá wò mí báyìí. Ọdún keje rèé tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, èmi fúnra mi ti di rúlà.

Baba Ọlọ́kùn ló gbé ìwé yìí fún mi lọ́jọ́ tí orúnkún rẹ̀ ní òun ò tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ẹfun tí a fi ń fa ìlà kiri mọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi fa ìlà níbí kó tó fi pápá lé mi lọ́wọ́. Ó ní ohunkóhun tí mo bá ṣe lórí pápá, kí n kọ ọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí mo bá fa ìlà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa kọ ni pé mo ta okùn láti òpó dé òpó kí n tó ti kẹ̀kẹ́. Bí òun náà ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo ti ṣí ìwé tirẹ̀ wò: "Mo ta okùn. Mo ta okùn." Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ọmọ tó ń ka àkọ́sórí. Ó máa ń sú èèyàn. Ṣùgbọ́n àgbà ni, mo ní mo ti gbọ́.

Mo ta okùn. Mo fa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti àárín. Òjò wínníwínní lọ́sàn-án. Owó ẹfun tún ti lé sí i. Mo bi ẹni tó ń tà á pé kí ló dé, ó ní kí n lọ bi òjò.

Sátidé la máa gbá bọ́ọ̀lù ìparí sáà. Ẹgbẹ́ tiwa gbọ́dọ̀ borí kí wọ́n tó lè gòkè. Àwọn àlejò ní tiwọn, tí wọ́n bá ṣáà ti gbá ọ̀mì, wọn ò ní já sísàlẹ̀. Bọ̀dá ló máa di àsíá mú, torí pé láìnsìmáànù tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní ibà. Bọ̀dá ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mò ń pè ní Àǹtí. Ilé wọn ni mò ń gbé, ní yàrá ẹ̀yìn. Káfíńtà ni láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé. Tó bá di Sátidé, ó di ẹlòmíì. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ sí líìgì àgbà ní sáà tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń retí ìyẹn. Àǹtí mi ti fọ ṣòkòtò dúdú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ̀ ọ́.

Fúráìdé, ọjọ́ kẹfà

Mo ta okùn. Mo fa ìlà ẹnu ilé méjèèjì, níbi tí aṣọ́lé máa ń dúró sí. Akọ̀wé pápá kọjá, ó ní kí n ṣe é dáadáa. Mo bi í pé ìgbà wo ni mi ò ṣe é dáadáa rí. Ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Sátidé, ọjọ́ keje

__________

Òjò ìdájí fọ ẹnu ilé apá ibi ògiri dànù, gbogbo rẹ̀ di ẹrẹ̀. Aago mẹ́jọ ò tíì lù tí bọ́ọ̀sì àwọn àlejò fi dé. Wọ́n tò sórí ògiri kékeré, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo eré. Mo tún ìlà ẹnu ilé fà níṣojú wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì: àlejò ló pàtẹ́wọ́ fún mi, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Inú mi ń dùn bọ̀ títí ó fi ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwa la ní góòlù kan, wọn ò ní. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án wọn wá gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ó lu igi òkè, ó já lulẹ̀ pọ̀ọ̀, ó rì sínú ẹrẹ̀ ẹnu ilé, ó sì dúró síbẹ̀ bí arìnrìn-àjò tó ti rẹ̀. Aṣọ́lé wa ṣubú lé e, ó fi apá gbá a jáde. Àwọn àlejò ti ń dì mọ́ra wọn. Rẹfirí ò mọ èwo ni ṣíṣe, ó wo Bọ̀dá. Gbogbo pápá wo Bọ̀dá. Ó dúró gbọnin lórí ìlà rẹ̀, àsíá rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀, ó mi orí. Kò wọlé.

Bó ṣe parí nìyẹn. Tiwa gòkè, tiwọn já sísàlẹ̀. Òkò tẹ̀ lé e, òjò ńlá tẹ̀ lé òkò. Yàrá ẹfun la ti Bọ̀dá mọ́, èmi ni mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, gbogbo ṣòkòtò dúdú yẹn ti funfun.

Nílé, kò jẹun. Ó mú ọsàn kan, ó gbé e sí etí tábìlì, ó ní kí n wò ó. "Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọjá ìlà tán pátápátá. Tó bá ṣì ku bí ẹyọ èékánná lórí funfun, kò tíì wọlé. Funfun ṣì wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù, Rúlà. Mo rí i bí mo ṣe ń rí ẹ yìí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹjọ

Mo ta okùn. Mo tún ẹnu ilé apá ibi ògiri fà. Àǹtí mi bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè. Mo ní òjò ni.

Fídíò ti jáde. Ẹnì kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ló fi fóònù yà á, kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Odindi bọ́ọ̀lù hàn lẹ́yìn òpó, ìka mẹ́ta lè gba àárín òun àti òpó kọjá. Ẹsẹ̀ aṣọ́lé bo ilẹ̀, ìlà ò hàn. Mo wò ó títí bátìrì mi fi kú.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹsàn-án

Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ líìgì. Àwọn àlejò ti kọ̀wé ẹ̀sùn. Wọ́n ní ọwọ́ Bọ̀dá ò mọ́. Wọ́n ní ẹ wo ibi tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ṣé ó tún yẹ ká máa wá ẹ̀rí kiri? Èmi ni àbúrò ìyàwó náà. Mi ò tíì gbajúmọ̀ tó báyìí rí láyé mi.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti bá Bọ̀dá nírọ̀lẹ́. Ó ń fági, kò dá ọwọ́ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ ká bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan. Nígbà tó yá ló wá sọ ọ́.

"Àna mi, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan, má bínú. Ìlà ẹnu ilé yẹn, ṣé ó gún?"

Mo wò ó. Mo ní, "Bọ̀dá, èmi lẹ ń bi? Tí ìlà mi bá wọ́, ayé ló wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀, pé òun kàn ní kí òun bi mí ni. Ó tún bẹ̀ mí. Ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù mí lọ ló ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Túsìdé, ọjọ́ kẹwàá

Ìgbìmọ̀ wá sí pápá láti wọn ìlà. Èèyàn mẹ́ta, ìyá kan tó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá títí ó fi fẹ̀yìn tì ni alága wọn. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n. Ó ní bí òun bá ti rí funfun lábẹ́ bọ́ọ̀lù, tí fídíò sì ń fi bọ́ọ̀lù hàn lẹ́yìn òpó, kí wọ́n wo ìlà.

Wọ́n so okùn láti òpó dé òpó. Wọ́n fa tépù. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n dijú kan, wọ́n la ìkejì. Ìlà mi ò fi ibì kankan yà, kò tó ìbú irun. Alága ní láti ìgbà tí òun ti ń rìn lórí pápá, òun ò tíì rí ìlà tó gún báyìí. Mo ní ẹ ṣé, mà. Ẹnu mi ló yára sọ ọ́.

Akọ̀wé pápá wá bèèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ń bi ara rẹ̀: "Funfun wo ni wọ́n wá rí nígbà yẹn?"

Bọ̀dá ṣì tẹjú mọ́ okùn tí wọ́n so. Ó wá fi ìka méjì nu ojú rẹ̀, bí ẹni tí ìdọ̀tí kó sí i lójú.

Tọ́sìdé, ọjọ́ kejìlá

Òjò. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Fúráìdé, ọjọ́ kẹtàlá

Wọ́n ti sọ Bọ̀dá ní orúkọ. Kò-wọlé ni wọ́n ń pè é. Ọlọ́kadà pè é bẹ́ẹ̀, tó ń sáré lọ. Ẹni tó ń ta sítáǹpù ní póósítì pè é bẹ́ẹ̀, ó rò pé orúkọ rẹ̀ gan-an ni. Ẹnì kan kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹfun ló fi kọ ọ́. Mo mọ ẹfun tí mo bá rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ò dára, gbogbo lẹ́tà ló ṣẹ́ po. Àǹtí mi fi omi fọ̀ ọ́, ó ń fọ̀ ọ́ lọ, ó ń fọ̀ ọ́ bọ̀, kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́.

Oníbàárà méjì ti wá gba owó àsansílẹ̀ wọn padà. Wọ́n ní àwọn ò bínú o, àwọn kàn ń kánjú ni. Ẹni tó ń kánjú, ó tún jókòó mu omi tutù.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọ̀la ni wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n ní kí èmi náà wá. Mo ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo ta okùn lónìí, mo fa gbogbo rẹ̀, kò sì sí bọ́ọ̀lù kankan lọ́sẹ̀ yìí. Ọwọ́ mi kàn ń wá iṣẹ́ ni.

Túsìdé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Yàrá kan tó gùn tóóró, fèrèsé kan ṣoṣo, fáànù tó ń yí tí kò fẹ́ atẹ́gùn. Wọ́n fi fídíò hàn nígbà mẹ́jọ. Ní ìkẹjọ, èmi gan-an ti ń retí pé kí bọ́ọ̀lù ṣe nǹkan míì.

Bọ̀dá sọ tirẹ̀. Kò pariwo, kò búra. Ó ní òun dúró sí ibi tó yẹ kí òun dúró sí, òun rí funfun, òun sọ ohun tí òun rí. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé ta ló fún un lówó. Ó ní kò sí. Ó bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Bọ̀dá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó wá kàn mí. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe ń fa ìlà, mo ṣàlàyé kẹ̀kẹ́, mo ṣàlàyé ẹfun, bí omi rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ki. Mo pa ọ̀kan nínú wọn lẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé ẹyẹ tó bá bà lórí ìlà mi, tààrà ló máa ń fò lọ.

Alága ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ìlà tí a wọ̀n ní Túsìdé yẹn, ṣé òun náà ló wà nílẹ̀ ní Sátidé?"

Mo ní, "Òjò ti fọ ti Sátidé lọ, mà. Mo tún un fà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ló fà méjèèjì."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n máa lọ jókòó. Ìwé yìí wà lápò ẹ̀yìn mi látìgbà tí mo ti wọlé, kò sẹ́ni tó bèèrè pé ṣé mo máa ń kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tí mo jókòó, ó ń gún mi ní ìdí.

Sátidé, ọjọ́ kọkànlélógún

Ọdún méjì ni wọ́n ní Bọ̀dá ò gbọ́dọ̀ fi di àsíá mú. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń lọ síwájú. Wọ́n ní kó dá àsíá àti káàdì rẹ̀ padà. Àǹtí mi ló ka lẹ́tà náà sókè ní kíṣìnnì, ó kà á dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé "ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí kò rí," ó wá dúró. Ó ká a, ó fi í sábẹ́ ago.

Bọ̀dá ti jáde lọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la kù. Mo ní yóò dára, mo ní ọdún méjì kì í pẹ́. Ó yíjú sí mi.

"Alága bi ẹ́ léèrè. Ṣé ẹnu rẹ ò lè sọ 'bóyá' lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ? Bóyá ìlà yẹ̀. Bóyá òjò sún un. O ò tiẹ̀ ní purọ́, bóyá lásán ni. Ṣé ìlà rẹ wá ṣọ̀wọ́n ju ọkọ mi lọ ni?"

Ẹ kọ ọjọ́ òní sílẹ̀, Rúlà ò rí nǹkan sọ. Èmi gan-an ló ń kọ ọ́.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó ti dá àsíá padà. Igi àsíá náà, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ó yọ ọ́ kúrò kó tó dá aṣọ rẹ̀ padà. Mo rí igi náà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti fi í ti fèrèsé.

Tọ́sìdé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Bọ̀dá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Kò sọ fún ẹnì kankan, Àǹtí ló rí káàdì. Dókítà ní ojú rẹ̀ dára ju ti òun alára lọ. Inú Àǹtí dùn, ó ní ṣé ẹ rí i báyìí. Bọ̀dá ní rárá, ìyẹn gan-an ló burú. Ó ní ká ní ojú ló ń dun òun ni, à bá ra gíláàsì.

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ń ti bàtà bọ ẹsẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Mọ́ńdè, ọgbọ̀n ọjọ́

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù apoògùn. Bọ̀dá ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin, mo kà á. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti wo igi lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán, ayùn ti wọlé. Báyìí, ó máa wọ̀n, ó máa fa ìlà, ó máa fi ọwọ́ pa ìlà rẹ́, ó máa tún un wọ̀n. A gbé ilẹ̀kùn débẹ̀, ó fi ìka kan fẹ̀ jù, kò gba ẹnu ọ̀nà. Apoògùn ò ní nǹkan burúkú lọ́kàn, ọ̀rọ̀ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀hẹn, kò wọlé." Gbogbo àwọn tó wá ra oògùn ló rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run ló gbà mí.

A gbé e padà nínú òjò. Bọ̀dá ló wà níwájú, èmi ló wà lẹ́yìn, ilẹ̀kùn ló wà lórí wa. Mi ò rí ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Lójú ọ̀nà tó ti ń rìn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Wẹ́sìdé, ọjọ́ kejì, oṣù keje

Mo lọ kí Baba Ọlọ́kùn. Orúnkún rẹ̀ ti wú bí igbá. Wọ́n ti gbé ibùsùn rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé kó lè máa wo òde, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ náà ti ń ṣe bàìbàì, ó ní kìkì ìmọ́lẹ̀ ni òun ń rí, òun ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ṣé mo mú ìwé dání. Mo ní mo mú un. Ó ní kí n ka ọjọ́ Sátidé yẹn fún òun. Mo kà á: òjò ìdájí, ẹrẹ̀, àwọn àlejò, ẹ̀pà. Mo dé ibi àtẹ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Kà á láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, Baba.

Ẹyẹ kan wà lórí irin fèrèsé, ó ń yí orí. Mo retí kó bú mi. Ó ti bú mi nítorí ohun tí kò tó báyìí rí. Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé láti fọ kẹ̀kẹ́, ó pè mí ní ìyà ilé, ìyà òde. Lónìí, kò bú mi. Ó ní kí n bá òun bu omi. Mo bu omi, mo gbé e fún un, ó mu ún tán, ó sì yíjú sí ògiri.

Mo dúró títí, kò yí padà mọ́.

Fúráìdé, ọjọ́ kẹrin

Mo ta okùn. Kò sí bọ́ọ̀lù.

Sátidé, ọjọ́ karùn-ún

Ṣọ́ọ̀bù ni mo lọ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ìwọ̀nba iṣẹ́ tó kù ni àga kan fún ilé ìtọ́jú aláìsàn. Bọ̀dá gbé pátákó kan sókè, ó fi ojú kan wò ó láti orí dé ìdí, bí ó ṣe máa ń wò ó. Ó gbé e kalẹ̀. Ó tún un gbé. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òòrùn ò tíì mú. Ó wá nà án sí mi.

"Bá mi wò ó, Rúlà. Ìwọ ni ojú rẹ dá."

Mo gbà á. Mo gbé e sójú. Ó gún. Kò sí ibi tó yà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní ó ṣeun, ó sì gbà á, ó fi ayùn lé e lórí, kò wò ó mọ́. Ojú tèmi ló fi rẹ́ ẹ.

Mo kúrò níbẹ̀. Mo wà nínú yàrá ẹfun báyìí, orí agbada tí mo dojú rẹ̀ dé ni mo jókòó lé. Okùn wà lórí orúnkún mi.

Òun ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé ọjọ́ keje, okùn yìí kọ́ mọ́ ara wáyà ọgbà, omi ti mu ún, ó ta kókó. Mò ń tú u. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án wọn, òun gan-an tó wá gbá bọ́ọ̀lù yẹn, ló kígbe láti orí ògiri pé àwọn ti gbọ́ òkìkí Rúlà, pé ṣé okùn ni rúlà náà fi ń ṣiṣẹ́ ni. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo ní okùn wà fún afọ́jú. Mo jù ú sílẹ̀. Mo gbá kẹ̀kẹ́ mú, mo tì í láti òpó dé òpó lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò dúró, mi ò wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ihò kan wà ní àárín ẹnu ilé, ibi tí àwọn aṣọ́lé máa ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀ sí. Ẹrẹ̀ ti kún inú rẹ̀. Bí táyà ṣe débẹ̀ ló yọ̀ wọ inú ilé, kó tó di pé mo fà á padà. Ìlà yà wọ inú ilé níbẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo rí i. Mo ṣì wà níbẹ̀ lórí ìdúró tí mo ti rí i, tí ẹfun ṣì tutù. Mo rò ó pé ta ló máa wo ibẹ̀. Mo rò ó pé tí mo bá pa á rẹ́ níṣojú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́, kí ni wọ́n máa sọ.

Ibẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀lù já sí. Ó ti kọjá òpó, ó wọlé tán, bí fídíò ṣe wí. Funfun sì wà lábẹ́ rẹ̀, bí Bọ̀dá ṣe wí. Funfun tèmi ni. Kò sí ẹni tó purọ́ lọ́jọ́ yẹn lórí pápá àfi ilẹ̀, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní irọ́. Ní Sọ́ńdè, mo ta okùn, mo tún un fà kó gún, òun ni wọ́n fi dá Bọ̀dá lẹ́bi.

Ó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago márùn-ún. Màá gbé ìwé yìí lọ bá a kó tó tì í, màá jókòó, kó kà á níṣojú mi. Lẹ́yìn ìyẹn, kó gbé e fún alága tó bá fẹ́, tàbí kó fi í nà mí.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo fi àyè ìlà kan sílẹ̀ lókè ojú ewé. Mo sọ fún ara mi pé màá padà kọ nǹkan síbẹ̀ tó bá yá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà síbẹ̀ ni, mo sì ti kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ wọ́:

Mi ò ta okùn.